Mílíìkì Tí N Kò Mu

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nínú eruku, tí ikọ́ gbígbẹ kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín jí láràárọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tí ara wọn le lè máa gbọ́ bí wọ́n bá fẹ́. N kò kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè káàánú mi. Àánú tí mo ti gbà ní àdúgbò Ìjọkù yìí pọ̀ débi pé ènìyàn lè kó o sínú agbọ̀n tà lọ́jà, kò sì tíì fi èémí kan ṣoṣo kún èyí tó kù sí mi láyà. Mo kọ ọ́ nítorí pé nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún mi.

Rájí ni wọ́n ń pè mí. Ìdílé oníṣòwò obì ni wọ́n ti bí mi ní Ṣàgámù. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Sálíù, ló sì tọ́ mi dàgbà. Ó rán mi lọ sí ilé ìwé títí mo fi jáde oníwèé mẹ́fà, lẹ́yìn náà ó fẹ́ kí n jókòó ti obì: kí n máa ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, kí n máa fi ewé wé èyí tó dára, kí n máa dúró de àwọn Gàm̀bàrí tí yóò wá rà á. Obì ń fẹ́ sùúrù, èmi kò sì ní in. Owó oṣù ló wù mí. Nígbà tí iléeṣẹ́ kan ṣí lójú ọ̀nà Ìròlú láyé ìjọba alágbádá, kí àwọn ṣọ́jà tó tún gbàjọba, mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Bàbá Sálíù kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Uṣẹ́ lọ́ ń ṣe, o ò jalè. Máa lọ, ọma mi." Bí àwọn àgbà wa ní Rẹ́mọ ṣe ń sọ̀rọ̀ nù un, ọmọ wọn, ọma ni wọ́n ń pè é.

Òkúta funfun ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan á rún un, òmíràn á lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹ̀lùbọ́, wọ́n á wá rọ ọ́ sínú àpò, ọkọ̀ á sì kó o lọ sí Èkó fún àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ilé. Ìdí àpò ni wọ́n fi mí sí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Múfú, a ó di ẹnu àpò mú lábẹ́ ẹ̀rọ, eruku á máa tú sí wa lójú, nímú, lẹ́nu. Nígbà tí a bá fi máa délé, irun wa ti funfun, ìpéǹpéjú wa ti funfun. Mọ́rílíátù ìyàwó mi á ní, "Bàbá arúgbó, ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọn ara yín síta, kí ẹ má sọ iyàrá wa di iléeṣẹ́." A ó jọ rẹ́rìn-ín, n ó sì wẹ̀.

Wọn kò fún wa ní ohunkóhun láti fi bo imú. Mílíìkì ni wọ́n ń fún wa. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, sítọ̀kípà á pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí eruku, oníkálukú á tẹ̀ka, á sì gba agolo mílíìkì tirẹ̀. Wọ́n ní mílíìkì ń fọ eruku kúrò láyà. Fọ́máànù gbà bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nígbà yẹn, ẹ ò ní gbàgbé bí mílíìkì ṣe wọ́n. Àwọn èèyàn ń tò fún un bí wọ́n ṣe ń tò fún ọṣẹ àti ìyọ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì ń fi í pamọ́ sábẹ́ tábìlì de ojúlùmọ̀ wọn. Ta ni yóò wá dúró lẹ́nu géètì, tí yóò lu agolo, tí yóò dá a mu, nígbà tí àwọn ọmọ ń mu ògì lásán nílé? Ilé la ń gbé e lọ. Mọ́rílíátù á pín in sínú ògì àwọn ọmọ, á fi omi gbígbóná ṣan inú agolo, á tún da ìyẹn sí i. Bí mo bá wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, ọwọ́ mi ni àwọn ọmọ ń kọ́kọ́ wò, wọn kì í wo ojú mi.

Múfú nìkan ni kì í gbé tirẹ̀ lọ sílé. Yóò jókòó sórí òkúta kan lẹ́nu géètì, yóò fi ìṣó lu agolo lójú méjì, yóò gbé orí sókè, yóò sì fà á gbẹ. A sọ ọ́ lórúkọ. Anìkànjọpọ́n la ń pè é, kódà àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ fún wa ń pè é bẹ́ẹ̀. Kì í bínú. Ó ní, "Ẹ máa pè mí. Bí àyà yín bá kún fún òkúta, ẹ ó wá yá tèmi." Ó pẹ́ kí a tó dẹ́kun ẹ̀rín.

Ikọ́ mi bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mo ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ kò lọ. Kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò ní ẹ̀jẹ̀, ó kàn ń gbẹ mí lọ́fun bí ẹni pé egungun ẹja há sí i. Lẹ́yìn náà, èémí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Mọ́sáláṣí ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Bí lèmọ́ọ̀mù bá ti kábárà, tí gbogbo ará ẹ̀yìn ti dìde nínú ìforíkanlẹ̀, èmi á ṣì wà nílẹ̀, mo ń wá èémí tí mo fi máa gbéra. Àwọn èèyàn rò pé ìfọkànsìn ni. Ọ̀kan tilẹ̀ gbá mi léjìká, ó ní, "Rájí, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ rẹ." Mo ṣe àmín. N kò lè sọ fún un pé ilẹ̀ ni kò fẹ́ fi mí sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣòfò ìgbà nìyí o, ẹ fetí sílẹ̀. Kàkà kí n lọ sí ọsibítù, mo di ẹrù àwọn ẹbí. Ìyá mi ní àyà tútù ni, ó bẹ̀rẹ̀ àgbo. Ìkòkò kì í kúrò lórí iná. Bí a bá mu ọ̀kan tán, òmíràn ti ń hó. Bàbá Sálíù kó orógbó wá, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ láràárọ̀, ó tún lọ gba hàntú wá lọ́wọ́ ààfáà kan. Mo ń mu hàntú, mo ń jẹ orógbó, mo ń mu àgbo, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́. Mọ́rílíátù nìkan ló ń sọ pé kí n lọ rí dókítà. Ìyá mi bá a jà. Ó ní ọsibítù ni wọn yóò ti sọ pé ikọ́ ife ni, tí orúkọ náà bá sì ti lẹ̀ mọ́ ilé kan, ta ni yóò fẹ́ ọmọ ilé náà? Ìbẹ̀rù yìí mú èmi náà. Mo jókòó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ bu omi mu, mo rí i pé wọ́n ti so òwú pupa mọ́ etí kọ́ọ̀pù mi. Mo bèèrè ohun tó fà á. Mọ́rílíátù fi ojú tọ́ka sí ìdáná ìyá mi. Ìyá mi ló so ó, kí àwọn ọmọ má baà ṣi í mu. Kò bú mi, kò lé mi, ó kàn so òwú. Mo gbé kọ́ọ̀pù náà dání títí omi inú rẹ̀ fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ sí ọsibítù.

Ẹni tí kò bá tíì tò rí kò mọ ohun tí ọsibítù jẹ́. Bí ẹ bá dé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó bá àwọn tó ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ó tò gba káàdì, ẹ ó tò rí nọ́ọ̀sì, ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ ó máa sún díẹ̀díẹ̀ títí aṣọ ìdí yín yóò fi dán. Nígbà tí ó bá sì kan ẹni tó wà níwájú yín, dókítà á lọ jẹun. Wọ́n ní kí n tutọ́ sínú ike kékeré kan. Wọ́n ní ikọ́ ife kò sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní kí n gba abẹ́rẹ́ ikọ́ ife, nítorí kí ló tún lè jẹ́? Oṣù dé oṣù ni mo ń gba abẹ́rẹ́ tó dùn mí dé egungun. Owó obì Mọ́rílíátù ni a fi ń ra oògùn, ìyẹn owó tó fi ń ṣòwò, ó sì ń kéré sí i. Èémí mi kò gùn sí i. Iléeṣẹ́ ní kí n lọ sinmi nílé láìgba owó oṣù, mo sì mọ̀ pé ìsinmi yẹn kò ní òpin.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló padà bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Ó gbé fọ́tò àyà mi sókè sí fèrèsé, ó wò ó, ó tún wò ó, ó ní, "Bọ̀dá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?" Mo sọ fún un. Ó gbé fọ́tò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kì í ṣe kòkòrò kankan ló ń ṣe mí, eruku òkúta tí mo ti fà símú ló ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró mi, tó ń sọ ọ́ di líle. Mo ní, "Oògùn wo ni yóò kó o jáde?" Ó ní kò sí. Mo ní, "Àgbo ńkọ́?" Ó mi orí. Ó ní mi ò gbọdọ̀ padà sídìí eruku mọ́, pé òfin wà tó ní kí iléeṣẹ́ san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá sọ di aláìlera, pé òun yóò kọ ohun tí òun rí fún mi.

Ẹ ó rò pé ẹkún ni mo sun dé ilé. Rárá o. Inú mi dùn! Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Kì í ṣe ikọ́ ife. Mo wọlé, mo já òwú pupa kúrò létí kọ́ọ̀pù mi lójú ìyá mi, mo sì sọ ọ́ sínú iná ìdáná rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ló ṣe mí, àwọn tó ni iṣẹ́ yóò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kàn ń koná rẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn òwú mìíràn ti wà níbẹ̀. Ó ní bí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá san owó, òun yóò gbà pé iṣẹ́ ni. Ohun tí mo wá di mú nìyẹn. Owó náà ṣe pàtàkì, torí Mọ́rílíátù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní obì kan tí yóò tà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń lé ju owó lọ: mo fẹ́ kí ẹnìkan tó lágbára sọ pé iṣẹ́ ni, kí àwọn ọmọ mi lè bá mi mu nínú kọ́ọ̀pù kan náà.

Mo gbé ìwé dókítà lọ bá wọn, iléeṣẹ́ dáhùn pé rárá. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ tó gé mi lọ́wọ́, kò sí òkúta tó já lù mí, ikọ́ lásán tí gbogbo ayé ń kọ́ ni. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí mo gbà fi hàn pé ikọ́ ife ló ń ṣe mí. Ẹ wò ó! Abẹ́rẹ́ tí kò wò mí sàn ni wọ́n wá fi jẹ́rìí lòdì sí mi.

Mo fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n Mọ́rílíátù ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òun ló bèèrè dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Lébọ̀. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, àgbàlagbà onígbàgbọ́, tó ń sọ̀rọ̀ bíi tíṣà. Màmá Lébọ̀ la ń pè é. Ó ka ìwé dókítà, ó ní ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé kí n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn kan yóò sì jókòó gbọ́ tẹnu wa àti ti iléeṣẹ́. Ó ní kí n mú ẹni méjì wá: ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́, tí yóò sọ bí eruku ibẹ̀ ṣe rí, àti àgbàlagbà kan tó mọ̀ mí láti kékeré, tí yóò sọ pé àyà mi le kí n tó débi iṣẹ́.

Múfú ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ó gbà. Ó ní, "Ìwọ àti èmi la jọ di ẹnu àpò mú. Ta ni yóò sọ ọ́ bí kò ṣe èmi?" Ní ti àgbàlagbà, ta ni mo tún ní ju Bàbá Sálíù lọ? Ó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko múra. Màmá Lébọ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ti àyà mi nìkan ni kó sọ. Ó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a dúró de Múfú títí, a kò rí i. Fọ́máànù ti bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ku Bàbá nìkan. Ó wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún, ó sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní èmi ni mo máa ń gun igi obì jù nínú àwọn ọmọ ilé, pé bí mo bá pe ìrun, wọ́n ń gbọ́ mi dé òdìkejì àdúgbò. Mo rí i tí àwọn tó ń gbẹ́jọ́ ń mi orí. Ọkàn mi gbérasọ. Nígbà náà ni lọ́yà iléeṣẹ́ dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ tọ́ Rájí dàgbà."

"Èmi ni. Kò yàtọ̀ sí ọma tí mo bí."

"Iléeṣẹ́ ní àwọn ń fún un ní mílíìkì, nítorí eruku. Ṣé òótọ́ ni, Bàbá?"

"Òótọ́ ni."

"Ṣé ó sì máa ń mu ún?"

Mo rí bí ọrùn Bàbá ṣe nà. Lójú tirẹ̀, èébú ni ìbéèrè yẹn. Wọ́n ń bi í láàárín àwùjọ bóyá ọmọ tí òun tọ́ máa ń dá mílíìkì mu nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọ nílé. Màmá Lébọ̀ na ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n Bàbá ti dìde.

"Àbí anìkànjọpọ́n lẹ rò pé mo tọ́? Ẹ̀kán kan, kò kan ahọ́n rẹ̀ rí! Ulé ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún àwọn ọma. Ẹ bèèrè ní gbogbo Ìjọkù. Bí mo ṣe tọ́ ọ nù un!"

Lọ́yà tẹrí ba. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ tọ́ ọmọ." Ó jókòó, kò sì bèèrè nǹkan kan mọ́.

Ẹyin lohùn. Mo wo Màmá Lébọ̀, ó ti bo ojú rẹ̀. Ó padà dìde, ó ní mílíìkì kì í ṣe oògùn eruku, pé aṣọ ìbòmú ló yẹ kí wọ́n fún wa, ó fi ọwọ́ lu tábìlì bó ti ń sọ ọ́. Wọ́n tẹ́tí sí i. Ṣùgbọ́n ìka mi wà nínú ìwé sítọ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé n kò mu ún. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ti fún mi ní ohun tí yóò dáàbò bò mí, èmi ni mo gbé e fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní kò sí owó kankan.

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́, Bàbá kò gbọ́. Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà sí Ṣàgámù, ó fi ìgbọ̀nwọ́ rọra gún mi. Ó ní, "Ṣé o rí i tí ọmọ lọ́yà yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Mo ti bá ọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe." Mo wo ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ju ti ọjọ́ tí mo gbéyàwó lọ. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ̀mí yín á gùn." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Kò dákẹ́ níbẹ̀. Ó ń sọ ọ́ ní ìsọ̀ obì, ó ń sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí, pé òun jẹ́rìí ní Ìkẹ́nnẹ́, lọ́yà sì tẹrí ba fún òun. Bó bá wá kí mi, á bèèrè, "Ṣé wọ́n ti san án?" Èmi á ní, "Ìjọba ń ṣe é lọ́wọ́, Bàbá." Á ní, "Sùúrù ni." Lẹ́yìn tó bá lọ, Mọ́rílíátù á fa ojú ro, á máa fi ìbínú gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Màmá Lébọ̀ ní ọ̀nà kan ṣì kù, ìyẹn kóòtù, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi hàn pé mílíìkì kò gba ẹnikẹ́ni là. Mo ní mo mọ ẹnìkan. Ta ló mu mílíìkì ní gbogbo iléeṣẹ́ yẹn bíi Múfú? Òun náà sì ti ń kọ́. Mo lọ bá a nílé rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo tilẹ̀ kúnlẹ̀, torí bí mo bá dọ̀bálẹ̀ n kò ní lè dìde mọ́. Kò lè wo ojú mi. Ó ní, "Rájí, bí wọ́n bá lé mi, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ mi?" Mo padà sílé. N kò bínú sí i. Ìdí kan náà ló mú kí n máa gbé mílíìkì lọ sílé.

Nígbà tó yá, ó fúnra rẹ̀ wá. Ó ti gbẹ, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí. Wọ́n ti dá òun náà dúró. Ó ní òun ti ṣe tán báyìí, pé kí n mú òun lọ bá Màmá Lébọ̀, òun yóò sọ fún wọn pé òun kò fi ẹ̀kán kan sílẹ̀. A jókòó, a ń mí bí ẹwìrì àgbẹ̀dẹ méjì, a sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní, "Anìkànjọpọ́n." Ó ní, "Àyà tèmi ni kí n wá yá ọ?" A fi àdéhùn sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò dé ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n sin ín ní ọ̀sán ọjọ́ tó kú, bí a ti ń ṣe, àwọn ẹbí rẹ̀ sì sọ fún ayé pé ibà ni, kí ẹnikẹ́ni má baà dárúkọ ikọ́. Màmá Lébọ̀ ní kò sí ohun tí òun lè gbé lọ sí kóòtù mọ́. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi parí sí.

Bàbá Sálíù wà níbi ìsìnkú náà. Nígbà tó fi ẹsẹ̀ kan yà sọ́dọ̀ mi, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó tún bèèrè, "Ṣé wọ́n ti san án?" N kò tíì la ẹnu tí Mọ́rílíátù fi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè mọ́. Ọ̀rọ̀ mílíìkì tí ẹ sọ, òun ni wọ́n fi dá a lẹ́bi." Mo pariwo mọ́ ọn kó dákẹ́, ikọ́ sì gbé mi. Nígbà tí ikọ́ máa fi sọ̀ mí kalẹ̀, Bàbá ti jáde. Fìlà rẹ̀ wà lórí àga.

Bí mo ṣe wà lónìí nìyí. N kò lè gun àtẹ̀gùn kékeré tó wọ iyàrá wa láìdúró sinmi. Ìjókòó ni mo ń sùn. N kò lè pe ìrun mọ́. Ìka ni mo fi ń kí i. Òwú pupa ṣì wà létí kọ́ọ̀pù mi. Mọ́rílíátù ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣa obì gba owó ọjọ́, òun tó ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ rí. Dókítà ọ̀dọ́ yẹn sọ òótọ́ fún mi pé kò ní sàn, ó kàn ń burú sí i ni, èmi náà kò sì ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àyè ṣì kù fún yín. Ẹ kúrò nídìí eruku kí òun tó mú yín kúrò. Ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà kó tó bèèrè, torí ó lè má bèèrè. Ohunkóhun tí wọ́n bá fún yín dípò aṣọ ìbòmú, ẹ má tẹ̀ka sí i.

Láti ọ̀sẹ̀ tí Mọ́rílíátù ti sọ̀rọ̀ yẹn ni Bàbá Sálíù ti ń gbé agolo mílíìkì kan wá fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Kò sọ ohunkóhun nípa Ìkẹ́nnẹ́ mọ́. Á fúnra rẹ̀ fi ọ̀bẹ lu agolo, á nà án sí mi, á ní, "Mu ún." Á dúró tì mí títí n ó fi mu ún tán. Bí mo bá gbé e kalẹ̀, á gbé e sétí, á mì ín, á ní, "Ó ku díẹ̀, ọma mi," n ó sì tún gbé e sẹ́nu. Òun àti èmi la jọ tẹ̀lé òkú Múfú. Òun àti èmi la mọ̀ pé kò wúlò.

Jímọ̀ ni òní. Mo ń gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mọ́rílíátù ti kó àwọn ọmọ jáde lọ síta, kí wọ́n má baà máa wo ẹnu mi.